Orúnkún Ọláníran

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná, sà."

"Ó gbọ́dọ̀ gbóná. Bí kò bá gbóná, kò lè ràn dé egungun."

Alàgbà Olúgbóyèga tún ti aṣọ ìnura bọ inú omi gbígbóná, ó fún un, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún ọ̀tún Ọláníran, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọláníran pa eyín pọ̀. Aago méje àárọ̀ Sátidé kò tíì lù, oòrùn ò tíì dé ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n jókòó sí ní Fẹ́sítáàkì, síbẹ̀ òógùn ti bo bàbá àtọmọ. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, Sátidé kan kì í yẹ̀. Bàbá, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ni yóò gbé omi kaná, òun ni yóò gbé e jáde, òun náà ni yóò kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù níwájú ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Níran ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun máa ṣe é fúnra òun. Kò gbà.

Ohun tó bani lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀, tó sì tún fẹ́ pani lẹ́rìn-ín, ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe orúnkún náà.

Ó ti ṣe é rí o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn ju èyí tó pa lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Níran sí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Èkó, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìsinmi bá ṣe gbà á láyè sí. Ìyá náà kú nígbà tí Níran wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, bọ́ọ̀lù ló sì gbé ọmọ náà dúró. Nígbà tó pé mọ́kànlélógún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan, ní ìlú olójò kan ní àríwá ilẹ̀ náà, fún un ní ìwé àdéhùn. Àárín ló ń gbá, lẹ́yìn àwọn tó ń wá góòlù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi bọ́ọ̀lù síbi tí ẹlòmíràn yóò ti sá bá a. Dennis, orúkọ ìsàmì rẹ̀, ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́wàá.

Iṣẹ́ náà kò tọ́jọ́. Ìgbà mọ́kànlá péré ló bá wọn wọ pápá. Ní ọdún kejì, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó fi oṣù mẹ́jọ gba ìtọ́jú, ó sì san, ó san pátápátá. Ìgbà tó san tán ni wọ́n pè é sínú ọ́fíìsì kékeré kan, tí olùkọ́ni tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sọ fún un pé, "O mọ ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù lọ, àmọ́ kí o tó gbé e síbẹ̀, àyè ti dí." Wọn ò fún un ní ìwé àdéhùn mìíràn. Ó gbé ara rẹ̀ lọ fún ẹgbẹ́ méjì mìíràn kí wọ́n wò ó. Àwọn náà wò ó, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é láti Fẹ́sítáàkì lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó rántí pé bàbá yìí ti gé àwòrán òun nínú ìwé ìròyìn, ó ti mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì, dé ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a gẹrun. Ẹnu rẹ̀ wá yà sí ibòmíràn. "Orúnkún yẹn ni, Dádì. Wọ́n ní kò lè gbà á mọ́." Gbólóhùn kan péré. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ayé á bá a kẹ́dùn. Ẹni tí wọn ò mú, imú ni wọ́n máa ń yín sí i. Ohun tí Níran rò nìyẹn. Nígbà tó sì kó ẹrù rẹ̀ dé Fẹ́sítáàkì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bá aṣọ ìnura àti ìkòkò omi tó ń dúró dè é.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Níran kò tíì lo ọdún mẹ́jọ, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní láti máa tiro nílé. Níbi iṣẹ́, ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Àmùwò tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, kì í tiro. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé, ó wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro. Bàbá wò ó tàánútàánú, ó ní, "Ó ti ran èkejì." Odidi oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún méjèèjì.

Bó bá jẹ́ Níran nìkan ni irọ́ náà ń jẹ níyà, kì bá tí burú. Ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà pé orúnkún kan ń ṣàdédé yẹ̀. Oṣù mẹ́ta kó tó yẹ̀, Níran wá lo ìsinmi ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Àlájà Làtífátù, tí Níran ń pè ní Mọ́mì Ìjẹ̀gún nítorí pé Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ló ń gbé, wá kí i. Inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà. Ó ki ọmọ náà lóríkì títí omi fi bọ́ lójú ara rẹ̀. Ó mú òrí wá, ó tún mú hàntú wá nínú ìgò kékeré kan, omi tí àfáà kan ládùúgbò rẹ̀ fi fọ àdúrà kúrò lára wàláà, pákó tó fi ń kọ̀wé kéú. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi méjèèjì ra ẹsẹ̀ Níran láti itan dé ọmọ ìka. "Kí ojú burúkú má rí ẹsẹ̀ tó ń sáré yìí," bẹ́ẹ̀ ló wí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni orúnkún yẹ̀. Bàbá, tó ti kúrò nínú ẹ̀sìn ìdílé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún tó gbéyàwó, so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ó dì í ní kókó. Kò pariwo. Ó kàn dẹ́kun gbígbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Níran rí gbogbo rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìtìjú lèèyàn lè fi gbèjà irọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ọdún mẹ́fà, kí ni yóò fi gbèjà rẹ̀?

Ilẹ̀kùn iwájú dún. Níran dìde láti lọ ṣí i, Bàbá ní kó jókòó, kí aṣọ má bọ́. Òun fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà, Azeezat, ọmọ Mọ́mì Ìjẹ̀gún, ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ìbòrí rẹ̀ ṣì ní eruku ọ̀nà lára. Ó kúnlẹ̀.

"Dádì Fẹ́sítáàkì, ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Ìyá ẹ ńkọ́?" Bàbá ti padà sórí tìmùtìmù rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n wà, sà. Àwọn ló rán mi. Wọ́n ń lọ sí Ìwó lọ́la. Wọ́n ń lọ pátápátá ni o, wọn ò ní padà sí Èkó mọ́. Waheed ọkọ mi ti bá wọn wá mọ́tò. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá àwọn lè yà lọ́sàn-án yìí, kí ẹ jọ fojú rinjú kí wọ́n tó lọ."

Bàbá fún aṣọ ìnura. Ó fún un títí ẹ̀kán omi kan ò bọ́ mọ́.

"Sọ fún wọn pé mo gbọ́. Kí wọ́n lọ 're. Ọlọ́run á sìn wọ́n délé."

"Ṣé kí wọ́n máa bọ̀ nígbà náà, sà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Dádì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ẹ̀yin náà ò kéré mọ́. Tí wọ́n bá ti lọ báyìí, ta ló mọ ìgbà tí..."

"Azeezat." Bàbá na aṣọ ìnura sí orúnkún Níran. "Wo ohun tí mò ń ṣe. Wò ó dáadáa. Kí o sọ fún ìyá ẹ pé ẹnu iṣẹ́ yìí lo bá mi."

Azeezat wo orúnkún náà. Níran rò pé orúnkún òun yóò gbiná. Ó dìde, ó ní òun á sin Azeezat dé ẹnu ọ̀nà, ó sì tiro jáde níwájú bàbá rẹ̀.

Ní etí títì, Azeezat kò tètè wá kẹ̀kẹ́. Ó dúró, ó ń nu ojú pẹ̀lú etí ìbòrí.

"Níran, hàntú yẹn kan náà ni Mọ́mì fi ra ikùn mi nígbà oyún Ọmọ́tóyọ̀sí. Kí ló ṣe ọmọ mi?"

"Nǹkan kan ò ṣe é, Àǹtí."

"Ìwọ náà gbà pé àwọn ló ṣe ọ́?"

"Rárá o. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rí."

"O wá ti sọ ọ́ fún Dádì ẹ rí?"

Níran wo ilẹ̀. Azeezat mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀. "Abẹ́g, mi ò lágbára ìjà láàárọ̀ yìí. Màá sọ fún wọn pé ẹ ò sí nílé, ẹ̀yin méjèèjì." Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Níran dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ronú nípa ọ̀la: mọ́tò tí yóò gbé arúgbó yẹn lọ, tí arúgbó yẹn yóò máa wo Èkó lójú fèrèsé, tí yóò sì gbé e lọ́kàn lọ sí Ìwó pé àbúrò òun, tí òun fà lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé, gbà pé aṣeni ni òun. Wọ́n lè má rí ara wọn mọ́ títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú. Ó yí padà, ó sáré wọlé.

Bàbá ti jókòó sídìí tábìlì, ó bu ògì, ó sì ń gé àkàrà. Lókè orí rẹ̀, ẹ̀wù nọ́ńbà mẹ́wàá náà wà nínú gíláàsì lára ògiri.

"Dádì, nǹkan kan ò ṣe orúnkún mi."

"Mo mọ̀." Bàbá mi orí. "Omi gbígbóná yẹn ń ṣiṣẹ́ ni. Mo ti rí i láti oṣù tó kọjá pé ó ń rọlẹ̀."

"Rárá, sà. Kò ṣe mí láti ọdún méje sẹ́yìn. Ó ti san kí n tó sọ fún yín pé kò san."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ojú àánú kan náà tó ń ba Níran nínú jẹ́ ni ó fi wò ó. "Níran, jókòó. Mo mọ̀ pé àánú Àǹtí mi ń ṣe ọ́. Àánú ẹ̀ ń ṣe èmi náà, ìyá kan náà ló bí wa. Ṣùgbọ́n a kì í torí àánú purọ́. O jẹ́ ọmọ dáadáa, má ba ara ẹ jẹ́."

Kí lèèyàn ń sọ fún ẹni tí kò gba òtítọ́ gbọ́ torí pé ó fẹ́ràn ẹni jù? Níran ti àga kan sẹ́yìn. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí mú, bí wọ́n ṣe máa ń fìyà jẹ ọmọ ilé-ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó fò kọjá tẹlifíṣọ̀n, ó fò kọjá tábìlì, ó fò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó yí padà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, ó sì tún fò bọ̀. Àwo ń mì lórí tábìlì. Ní ìgbà kẹta tó ń kọjá, Bàbá ní, "Ó tó."

Níran dúró. Kò tilẹ̀ mí hẹlẹ.

Ògì Bàbá ti dì lójú. Lẹ́yìn náà ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀: "Kí ni wọ́n wá sọ fún ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní mo lọ́ra, sà. Wọ́n ní kí n tó gbé bọ́ọ̀lù síbi tó yẹ, àyè ti dí. Wọn ò mú mi mọ́."

"Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Mo mọ̀ ọ́n gbá. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ pọ̀."

"Ọdún méje."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo wá ń kúnlẹ̀," ni Bàbá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Lóròòwúrọ̀ Sátidé. Mo wá ń kúnlẹ̀."

Níran dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ gbé òun mì. Bàbá dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, kò fọwọ́ kàn án.

"Dìde. Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀ jù."

Ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí Níran. Ó ní kó wa òun lọ sí Ìjẹ̀gún.

Wọ́n bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Lẹ́yìn náà ni Bàbá béèrè láìyí ojú, "Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé wọn ò mú ọ, kí lo rò pé mo máa ṣe?"

"Mo rò pé ojú á tì yín, sà."

Bàbá rò ó dáadáa. Kì í ṣe ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè láìrò ó. "Ojú ì bá tì mí lóòótọ́," ó ní. "Bí ọ̀sẹ̀ méjì."

Wọ́n dé Alákijà. Bàbá na ìka sí apá kan ọ̀nà. "Ibí ni mo ti yí mọ́tò padà lọ́dún tí iná jó Abúlé Adó. Nígbà tí mo gbọ́ ìbúgbàmù yẹn, mi ò tiẹ̀ wọ bàtà tí mo fi ń sáré lọ wo Àǹtí mi. Ibí ni Azeezat ti pè mí pé àwo fèrèsé nìkan ló fọ́ mọ́ wọn lórí. Mo sunkún. Mo wá yí mọ́tò padà." Níran fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ìwakọ̀ mú. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà Ìjẹ̀gún kún fún àwọn ọkọ̀ agbépo tó tò gbọọrọ, wọ́n sì rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn wọn títí wọ́n fi dé ilé.

Mọ́mì Ìjẹ̀gún jókòó lórí àpótí láàárín ẹrù. Ó ti di aṣọ sínú àwọn báàgì ńlá aláwọ̀ búlúù, ó sì ń fi àkísà nu orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́ kó tó dì í. Azeezat ló kọ́kọ́ rí wọn, ó sì ya ẹnu sílẹ̀. Arúgbó náà gbójú sókè. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú. Ó kàn pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní Fẹ́sítáàkì, orúkọ tí bàbá wọn sọ Alàgbà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

"Dáúdà."

Alàgbà Olúgbóyèga ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, àyà kan ilẹ̀.

"Àǹtí Làtí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣì yín lóye. Ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ kan tó máa sọ fún yín."

Níran ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. "Mọ́mì, orúnkún mi..."

"Mo mọ̀," ni arúgbó náà wí.

Bàbá gbé orí sókè nílẹ̀ tó wà. "Kí lẹ mọ̀?"

"Pé nǹkan kan ò ṣe é." Ó gbé àkísà sílẹ̀. "Ọdún kẹrin rèé. Ọjọ́rú ọjọ́ kan, mo lọ ra ẹja ní Alákijà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá kan níbẹ̀ kọjá, àwọn ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo rí ọ̀kan tó ń yí gbirigbiri láàárín wọn. Mo ní, ọmọ yìí jọ Dáúdà. Mo sún mọ́ ọn. Òun ni."

Níran kò lè gbójú sókè. Torí pé ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ kankan kì í dé pápá Alákijà ló ṣe yàn án láàyò.

"Ẹ wá dákẹ́?" ni Bàbá wí. "Ọdún mẹ́rin, Àǹtí?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ẹni tí kì í gbé fóònù mi?" Ohùn rẹ̀ gbóná wàyí. "Má rò pé ìwà dáadáa ló mú mi dákẹ́ o. Inú ń bí mi ni. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sí ọsibítù nígbà tí ìgbóná ń mú ọ, tí màámi ò sí nílé! Mo ní bí ìwọ, Dáúdà, bá lè gbà pé mo fi ọwọ́ mi ba ẹsẹ̀ ọmọ ẹ jẹ́, kí o máa gbà bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o kú sórí ẹ̀."

Bàbá fi iwájú orí kan ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Azeezat fẹ́ lọ gbé e dìde, ìyá rẹ̀ fi ojú dá a dúró. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó tọ́ sí i, a ò sì ní purọ́ pé kò tọ́.

Lẹ́yìn náà, ó ní, "Dìde. Sìmẹ́ńtì yẹn tutù, o kì í ṣe ọmọdé mọ́." Nígbà tí kò tètè dìde, òun fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó fà á, òun àti Azeezat. Ó jókòó tì í lórí báàgì, ó sì fi ìdí ìró nu eruku kúrò ní iwájú orí rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí," ni Níran wí. "Èmi ni mo fà á."

"Ìwọ ni. Mo bínú sí ọ, màá tún bínú sí ọ títí di alẹ́." Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà jàre díẹ̀. Mo wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn. O ò yára."

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dà pọ̀ mọ́ ẹkún, lẹ́yìn náà Azeezat. Níran náà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ má lọ lọ́la mọ́," ni Bàbá wí nígbà tó ṣe díẹ̀.

"Mò ń lọ o. Ilé ni ilé ń jẹ́. Èkó ti tó mi."

"A jọ ń lọ nìyẹn. Màá sìn yín dé Ìwó, màá lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀."

"Ọ̀la ni Sọ́ńdè. Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Níran á lọ." Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àwọn èèyàn yẹn ti ń bá wa gbàdúrà lórí ẹsẹ̀ yìí láti ọdún mẹ́fà, wọ́n sì mọ ẹni tí mo fi àdúrà náà bá wí. O máa dìde níwájú wọn lọ́la, o máa sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ìbẹ̀rù mú Níran. Ó rí gbogbo àga ṣọ́ọ̀ṣì náà lójú inú rẹ̀, àti ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan tó jókòó lórí wọn. "Báwo ni màá ṣe wí i, sà?"

"Bó ṣe ṣẹlẹ̀," ni Mọ́mì Ìjẹ̀gún dáhùn. "Wí i fún wa ká gbọ́."

Níran dìde dúró. "Mo gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà mọ́kànlá ni mo wọ pápá. Mo gbá ẹyọ kan wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò mú mi mọ́."

Ó ti jáde. Òrùlé kò wó. Azeezat ń ká aṣọ rẹ̀ lọ, bàbá rẹ̀ sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́mì Ìjẹ̀gún ti fi àgbọ̀n lé ọwọ́, ojú rẹ̀ sì ti tàn.

"Ẹyọ kan yẹn," ó ní. "Báwo ló ṣe wọlé?"

Níran wò ó. Láti ọjọ́ tí orúnkún ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè nípa góòlù yẹn, bàbá rẹ̀ gan-an kò bi í. Gbogbo wọn rò pé yóò dun òun bí wọ́n bá mẹ́nu kàn án. Ó ti pẹ́ débi pé òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ó dùn.

Ó fa àpótí kan sún mọ́ àwọn méjèèjì, ó jókòó.

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Mọ́mì," ó ní. "Pápá yẹn kún fún omi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí eré parí, kò sì sẹ́ni tó rò pé èmi ni bọ́ọ̀lù máa bá."